Pààrọ̀ Orúkọ Wọn, Kí O Tún Un Kà

"Kó!" Òkúta kan tún bọ́ sínú agolo wàrà tó ṣófo.

"Ibẹ̀ yẹn náà ò yé ẹ?" mo bi àbúrò mi obìnrin. Iwájú ilé ni a jókòó sí, ìwé wà ní itan mi.

"Kò yé mi o, ẹ̀gbọ́n mi. Gbólóhùn yẹn gùn ju okùn tí màmá ń sá aṣọ sí lọ. Kí ẹ tó kà á parí, mo ti gbàgbé ẹni tó ń jagun."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Òkúta kọkàndínlógún nìyẹn.

Olùkọ́ ìtàn wa ló kọ́ wa lọ́gbọ́n òkúta. Ilé ìwé wa fẹ́ mú ìwé ìtàn àgbáyé tuntun fún àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀, wọ́n sì yan àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà láti yẹ méjì wò: aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ pupa. Ìdánwò méjì la máa ṣe fún ìwé kọ̀ọ̀kan. Lákọ̀ọ́kọ́, a ó ka ojú ìwé mẹ́wàá fún ọmọdé. Ibi tí kò bá ti yé e, kó ju òkúta sínú agolo. Lẹ́yìn náà, a ó wá ibi tí ìwé ti sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀yà méjì tó kọlu ara wọn, a ó pààrọ̀ orúkọ wọn, a ó sì tún un kà sókè.

"Bí ó bá ti ń ta yín létí," olùkọ́ wa wí, "ẹ mọ̀ pé ìwé náà ń ṣègbè nìyẹn."

Ìwé aláwọ̀ ewé ló gba òkúta mọ́kàndínlógún. Aláwọ̀ pupa ò gbà ju méjì lọ! Ó dùn bí oyin. Ṣùgbọ́n kí n má parọ́, adùn rẹ̀ nìkan kọ́ ló fà mí. Bàbá Adúmáadán ló kọ ọ́.

Kíláàsì kan náà ni èmi àti Adúmáadán wà. Ara rẹ̀ a máa dán bí ìgbà tí oòrùn bá ń wo ojú ara rẹ̀ nínú omi. Bó bá rẹ́rìn-ín báyìí, ọkàn mi a máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Odindi ọdún kan, kò sọ ju "kú àárọ̀" sí mi lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nídìí ẹ̀rọ omi ilé ìwé, ó rìn wá bá mi.

"Ojú-Ìwé," ó pè mí ní orúkọ ìnagijẹ mi, "ìwọ ni mo ń wá."

"Èmi kẹ̀?"

"Ọdún mẹ́ta ni bàbá mi fi kọ ìwé yẹn. Jọ̀ọ́, fún un ní máàkì tó jọjú. Bí wọ́n bá mú un, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ṣe ìfilọ́lẹ̀ rẹ̀, èmi àti ẹ la jọ máa jókòó níwájú."

Èmi àti ẹ! Mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́ lọ́jọ́ náà. Mi ò pààrọ̀ orúkọ ẹnikẹ́ni. Níbi tí wọ́n kọ "Àìṣègbè" sí lórí ìwé máàkì tí wọ́n fún wa, mo kọ mẹ́wàá nínú mẹ́wàá, mo fọwọ́ sí i, mo tún ya òdòdó kékeré kan sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, a péjọ sí yàrá ìkàwé. Ọkùnrin onírun funfun kan jókòó lẹ́yìn, Adúmáadán sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ni! Wọ́n ti pè é kó wá gbọ́ ohun tí a rí.

"Ojú-Ìwé," olùkọ́ wa wí, "àwọn yòókù fún ìwé pupa ní mẹ́ta lórí àìṣègbè. Ìwọ nìkan lo fún un ní mẹ́wàá. Dìde, pààrọ̀ orúkọ wọn ní ojú ìwé ogójì, kí o kà á sí wa létí."

Mo dìde. Ìtàn àwọn atukọ̀ tó gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ onílẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo pààrọ̀ wọn, mo kà á:

"Àwọn onílẹ̀, akọni ènìyàn, ṣàwárí àwọn atukọ̀ kan létí òkun. Ẹhànnà ni àwọn atukọ̀ náà, ariwo nìkan ni wọ́n mọ̀. Àwọn onílẹ̀ ṣàánú wọn, wọ́n gba ọkọ̀ ojú omi wọn, wọ́n sì kọ́ wọn ní ọ̀làjú."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣé bó o ṣe gbọ́ ọ nìyẹn, tó o fi fún un ní mẹ́wàá?" olùkọ́ wa bi mí.

Mo wo Adúmáadán. Ó rọra mi orí sí mi pé kí n ṣáà sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Mo yí ojú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

"Mi ò dán an wò, mà. Mo kàn fọwọ́ sí i ni. Mo fẹ́ràn ìwé náà jù."

"Ìwé ni, àbí ọmọ ẹni tó kọ ọ́?" ẹnìkan kígbe. Ẹ̀rín tún sọ. Bí ilẹ̀ bá là, ǹ bá wọlẹ̀.

Olùkọ́ wa fi bírò pupa fa ìlà gba inú ìwé máàkì mi kọjá, òdòdó mi pẹ̀lú. "Ìwé wo ni ọmọ ọlọ́mọ ì bá máa kà nítorí ọwọ́ tó o fi sí i yìí?" ó bi mí. Ẹkún gbọ̀n mí.

Ṣùgbọ́n bàbá Adúmáadán dìde, ó ṣì ń nu omi ẹ̀rín lójú. "Wọ́n ṣàánú wọn, wọ́n gba ọkọ̀ wọn! Irú àánú wo nìyẹn? Ọmọ mi, gbogbo ẹni tó ka ìwé yìí ló ń yìn mí. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Ohun tí àwọn atukọ̀ kọ sílẹ̀ nìkan ni mo kà. Mi ò bi àwọn onílẹ̀ ní nǹkan kan. Ẹ fún mi ní oṣù méjì."

Wọ́n fún un. Wọ́n sì fi agolo òkúta mọ́kàndínlógún ránṣẹ́ sí ẹni tó kọ ìwé aláwọ̀ ewé, kí òun náà lè gé gbólóhùn rẹ̀ kúrú.

Oṣù méjì náà ò rọrùn fún mi. Adúmáadán ò kí mi mọ́, àní "kú àárọ̀" pàápàá. Àfi bó ṣe di ọ̀sán Sátidé kan, tó yọ sí iwájú ilé wa, tó kó ìwé dání.

"Bàbá mi tún un kọ. Wọ́n ní ìwọ ni kí o kọ́kọ́ kà á." Ó wolẹ̀. "Má bínú. Èmi ni mo fẹ́ sọ ẹ́ donírọ́, èmi náà ni mo tún ń bínú."

Mo pààrọ̀ orúkọ wọn ní ojú ìwé ogójì. Kò ta mí létí rárá. Nígbà náà ló yé mi pé ìfẹ́ kì í ṣe ìdí láti fọwọ́ sí ohun tí a ò tíì wò, àti pé ẹni tó bá yẹ ní fífẹ́, yóò padà wá bá ẹni tó sọ òótọ́.

Adúmáadán jókòó tì mí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún àbúrò mi. Ojú ìwé mẹ́wàá, òkúta kankan ò bọ́. Mo pa ìwé dé. Kó!

"Kí ló tún dé? Kí ni ò yé ẹ?"

"Ìtàn yé mi," ó ní. "Ohun tó ń pa ẹ̀yin méjèèjì lẹ́rìn-ín láti ìgbà tí ẹ ti jókòó ni ò yé mi."