Ìdáhùn Láti Ilé Gbọ́láhàn

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí ìjì náà rọlẹ̀, ohùn kan ṣoṣo ló dá mi lóhùn láti ilé àbúrò mi, bẹ́ẹ̀ ẹni méjì ló wà níbẹ̀.

Ní abúlé wa lápá Ẹtikan, bí ìjì bá lọ tán, ẹnikẹ́ni kì í jáde títí ìpè yóò fi yí ká. Àgbà ìlú ni yóò bẹ̀rẹ̀ láti ojú fèrèsé rẹ̀. Yóò pe ilé tó tẹ̀ lé tirẹ̀, ilé náà yóò pe èkejì, títí yóò fi kan gbogbo ilé tó dúró lórí òpó nínú omi. Olúkúlùkù ló ń fi ẹnu ara rẹ̀ dáhùn, títí kan ọmọdé tó bá ti mọ orúkọ ara rẹ̀. Ilé tí kò bá dáhùn ni a máa ń tukọ̀ lọ bá, kí a já ilẹ̀kùn rẹ̀.

Èmi Moríkẹ́ ni ìpè ilé Gbọ́láhàn àbúrò mi já lé lọ́wọ́. Òun àti ọmọbìnrin rẹ̀, Ọpẹ́fólúwa, ni wọ́n jọ wà nílé. Happiness ìyàwó rẹ̀ ti kó ẹja gbígbẹ lọ sọ́jà, ìjì sì dá a dúró sọ́hùn-ún.

"Ulé Gbọ́láhàn, ṣé ẹ wà?"

"A wà," ohùn rẹ̀ dáhùn. "Èmi wà. Ọpẹ́fólúwa wà. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu."

Ohùn àbúrò mi ni, mi ò lè ṣì í mọ̀. Àmọ́ ó ń fà lọ gbọọrọ bí ohùn ẹni tí kì í mí. Mo ní kí ọmọ fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Ó ní ọmọ ń sùn. Ọmọ tó máa ń jí ṣáájú adìyẹ!

Ohun tí mo ti rí ní ìrọ̀lẹ́ àná ni kò jẹ́ kí ọkàn mi balẹ̀. Nígbà tí ìjì já wáyà iná abúlé, tó sì gbé pèpéle iwájú ilé Gbọ́láhàn, níbi tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ máa ń wà, lọ, mo rí i tó ń wọ́ jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ wọ inú ilé, níbi tí wọ́n ti ń yan ẹja. Mo pariwo pé èéfín rẹ̀ máa ń pààyàn. Ó rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ṣebí inú èéfín la bí wa sí? Ọpẹ́fólúwa, ọma yìí, ń bẹ̀rù òkùnkùn."

Ó ti ilẹ̀kùn. Bí gbogbo wọn ṣe ń fọ́nnu níbí nìyẹn. Wọ́n ní èéfín ẹja ti ta àwọn lójú láti kékeré, kí ló tún kù tí èéfín lè fi àwọn ṣe? Wọn ò mọ̀ pé èyí tí kì í ta ojú ló burú jù. Bẹ́ẹ̀, Gbọ́láhàn fẹ́ràn ọmọ náà kọjá bó ṣe yẹ. Ó ń gbé e rodò, ó ń gbé e rọjà, ìyá tó bí i gan-an ń tọrọ rẹ̀ ni.

Mo ké sí Bàbá Olówòkéré, àgbà ìlú wa, pé mo fẹ́ tukọ̀ lọ wò wọ́n.

"Moríkẹ́, dúró sílé," Bàbá fèsì jẹ́jẹ́. "Wáyà wà nínú omi, a ò sì mọ èyí tí iná ṣì wà lára rẹ̀. Ṣé wọn ò dáhùn ni?"

"Wọ́n dáhùn, Bàbá."

"Kí lo tún ń wá?"

Ọ̀rọ̀ àgbà mọ́gbọ́n wá. Jíjókòó sílé ti gba ọ̀pọ̀ ẹ̀mí là lábúlé wa. Mo jókòó, inú ń bí mi, mo ṣáà jókòó.

Nígbà tí oòrùn gòkè díẹ̀, mo tún pè. Ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ, kò fi kún un, kò yọ níbẹ̀. "Èmi wà. Ọpẹ́fólúwa wà. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu." Ṣùgbọ́n lábẹ́ ohùn yẹn, mo gbọ́ òmíràn tó kéré gan-an. Ẹkún ọmọ tí nǹkan dí lẹ́nu ni.

Mi ò bi àgbà kankan mọ́. Mo bọ́ sínú ọkọ̀, mo ń fi àjẹ̀ ti wáyà sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bàbá Olówòkéré ń pariwo orúkọ mi, mi ò wẹ̀yìn.

Ilé náà pa lọ́lọ́. Epo ti tán nínú jẹnẹrétọ̀, ó ti kú tipẹ́. Wọ́n ti ilẹ̀kùn pa, mo fi àjẹ̀ fọ́ fèrèsé, mo sì wọlé. Gbọ́láhàn jókòó ti ògiri, ó gbé ọmọ lé itan. Mo fọwọ́ kan àbúrò mi. Ó ti tutù, ó ti gan bí igi. Láti òru ló ti kú, kí n tó pè é rárá.

Ọmọ kò gan. Ara rẹ̀ gbóná, omijé kò tíì gbẹ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ bàbá rẹ̀ ló bò ó lẹ́nu àti nímú. Mo fà á, kò ṣí. Mo ń ká ìka náà kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń bẹ òkú.

"Gbọ́láhàn, fi í sílẹ̀. Jọ̀ọ́, fi í sílẹ̀ fún mi."

Nígbà tí ọwọ́ náà fi máa ṣí, ọmọ kò mí mọ́.

Ọ̀sán ni Happiness dé. Bàbá Olówòkéré ń tù ú nínú, ó ní ìfẹ́ ni, pé bàbá kò fẹ́ fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nínú òkùnkùn. Àwọn obìnrin ń mi orí. Mo yíjú kúrò lọ́dọ̀ wọn. Ìfẹ́ kẹ̀? Ó rí ohùn sọ̀rọ̀, kò fi pè wá, ó fi lé wa sẹ́yìn!

Wọ́n ní kí a gbé àwọn méjèèjì lọ sí Òde Màhìn, níbi tí ilẹ̀ gbígbẹ wà, kí a sin wọ́n sínú ibojì kan ṣoṣo. Happiness kò sunkún. Ó ń fi omi nu ojú ọmọ rẹ̀, níbi tí àpá ìka ti wà.

"Ẹ gbé òun lọ," ó wí. "Ọma mi ò kúrò níhìn-ín."

Bàbá ní kò bójú mu láti pín bàbá àti ọmọ níyà. Happiness kò gbójú sókè.

"Ọma mi ń ké pè yín, Bàbá. Ẹni tó dí i lẹ́nu, ẹ má tẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."