Ohun tí Nojeem Dì sínú Aṣọ Àlàájà

Kò ju oṣù mẹ́rin lọ tí Nojeem fi di ẹni tí gbogbo Bẹ́yẹrúnkà ń kí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó ra ọ̀kadà tuntun, kò sì fi gbé èrò. Ó pààrọ̀ páànù orí ilé baba rẹ̀. Àwọn tó ń pè é ní "ọmọ yẹn" tẹ́lẹ̀ wá ń pè é ní "Ẹ̀gbọ́n". Kò sẹ́ni tó bi í léèrè iṣẹ́ tó ń ṣe. Ará Ìbàdàn mọ ìbéèrè tó yẹ kéèyàn gbé mì.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bi í. Àlàájà Kúlúsúmù ni, ìyá baba rẹ̀, ẹni tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún mẹ́ta.

"Nojeem, iṣẹ́ wo lò ń ṣe báyìí?"

"Ọjà ni mò ń tà, Ìyá."

"Ọjà wo?"

"Ọjà orí fóònù ni."

Àlàájà á ní kí Ọlọ́run fi àlùbáríkà sí i. Nojeem á ní àmín, á sì máa wo ilẹ̀.

Igbó ló ń tà. Fúnra rẹ̀ ló ń gbìn ín, nínú àlàpà tó wà lẹ́yìn agboolé wọn, níbi tí ògiri mẹ́ta péré ṣẹ́ kù sí. Gbígbìn rẹ̀ kò ṣòro. Pípa á mọ́ ló ń pa á lẹ́kún. Èyí tó kọ́kọ́ ká, oòrùn ló sá a sí, ó gbẹ títí ó fi di lẹ́búlẹ́bú. Èyí tó tẹ̀ lé e, ó dì í sínú ọ̀rá nígbà tí kò tíì gbẹ tán. Nígbà tó tú u lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti bu, ó funfun bí òwú. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó so ó kọ́ sábẹ́ òjìji títí igi rẹ̀ fi ń dún pá bó bá ṣẹ́ ẹ, ó wá kó o sínú ìgò onídèérí. Ooru abẹ́ páànù ba ìyẹn náà jẹ́. Bó bá fẹ́ kó pẹ́ títí di ìgbà tí igbó máa ń wọ́n, ó nílò ibi tó ṣókùnkùn, tó tutù, tó gbẹ, tẹ́nikẹ́ni kò ní ṣí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló júwe Bàbá Sàídì fún un, adáhunṣe kan ní Pópó Yemọja.

*

Ọ̀sán gangan ni, wọ́n ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, àmọ́ inú yàrá Bàbá Sàídì dúdú bí ìdí ìkòkò. Ó ń rùn, òórùn ẹ̀jẹ̀ tó ti pẹ́. Ẹsẹ̀ Nojeem kan ohun kan tó rọ̀. Kò jẹ́ wo ohun tó jẹ́.

"Ohun kan ṣoṣo ni kì í bà jẹ́ láyé," ni Bàbá Sàídì wí. Ohùn rẹ̀ kò sókè rárá. "Ohun tí òkú bá ń ṣọ́. Wá aṣọ òkú fi wé e."

"Òkú wo, Bàbá?"

"Òkú tí kò tíì kú. Ẹnì kan wà nílé yín tó ti ra aṣọ tirẹ̀ sílẹ̀."

Òótọ́ ni. Nígbà tí Àlàájà lọ sí Mẹ́kà, ó ra aṣọ funfun tí wọn yóò fi sin ín, ó rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ Sámúsámù, ó sá a gbẹ, ó sì gbé e wálé bí àwọn ìyá ẹgbẹ́ rẹ̀ ti máa ń ṣe. Inú àpótí onípáànù lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ló wà. Etí ìró rẹ̀ ló máa ń so kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ mọ́. Jímọ̀-Jímọ̀ ló ń tú u fún Nojeem nìkan, kó lè pààrọ̀ káńfọ̀ tí kì í jẹ́ kí kòkòrò jẹ aṣọ náà. "Ìwọ lo máa wọ sàréè gbé mi sílẹ̀," ni Àlàájà máa ń wí. "Ẹni tó máa gbé mi sílẹ̀ ni kó máa tọ́jú aṣọ mi."

"Kí ló máa ṣe ẹni tó ni aṣọ?" Nojeem béèrè.

"Ìbàjẹ́ tí ì bá ba ewé rẹ gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Ṣé ara tìrẹ lo fẹ́ kó wà ni?"

Nojeem gbé ewé igbó tó mú wá sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Bàbá náà mọ ìtumọ̀ ìyẹn.

"Bí o bá fẹ́ dá a dúró, kúnlẹ̀ níwájú ẹni tó ni aṣọ, kí o fẹnu ara rẹ sọ ohun tí o dì síbẹ̀. Kò sí ètùtù mìíràn." Ó rẹ́rìn-ín. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. N kò tíì rẹ́ni tó sọ ọ́. Yọ ahọ́n rẹ."

Abẹ tí bàbá náà fi gé e tutù lẹ́nu. Ẹ̀jẹ̀ Nojeem kán sórí ewé náà lẹ́ẹ̀mẹta, adáhunṣe sì ń sọ̀rọ̀ sí i wúyẹ́wúyẹ́:

"A kì í bá ìdin nínú iyọ̀.
A kì í bá ìrì lọ́sàn-án.
Kí ewé má gbẹ, kí ẹlòmíràn gbẹ.
Kí ewé má bu, kí ẹlòmíràn bu."

*

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, Nojeem tú aṣọ náà, ó di igbó rẹ̀ sínú rẹ̀, ó sì ti àpótí padà. Nígbà tó ṣí i lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, igbó náà rọ̀ bí ọjọ́ tó ká a. Ó bù nínú rẹ̀ lọ tà. Nígbà tí Jímọ̀ mìíràn fi máa dé, ojú ibi tó ti bù ú ti kún padà. Bí owó ṣe dé nìyẹn.

Àlàájà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ.

Omi ló kọ́kọ́ ń béèrè, tọ̀sán tòru. Lẹ́yìn náà, awọ ọwọ́ rẹ̀ ń ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí Nojeem ń bomi àlùwàlá fún un, ó rí ohun funfun kan lẹ́yìn etí rẹ̀, ó rí múlọ́múlọ́ bí òwú. Ó fi àtàǹpàkò nù ún kúrò. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti hù padà, ó sì ti dé ọrùn.

Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ náà. "Ìyá, mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

"Sọ ọ́, ọmọ mi."

"Ẹ jẹ́ kí n ra fáànù fún yín."

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ó tún kúnlẹ̀. Wàrà ló ní òun fẹ́ rà fún un. Lẹ́ẹ̀kẹta, Àlàájà fọwọ́ gbá a lágbọ̀n mú. "Kí ló dé tí o kì í wo ojú mi mọ́?"

"Eruku ló kó sí mi lójú."

Àlàájà na ọwọ́ kí Nojeem lè fà á dìde. Bí Nojeem ṣe fà á, ìka ọmọńdinrín Àlàájà ṣẹ́. Ó dún pá. Ẹ̀jẹ̀ kankan kò jáde. Nojeem mú ìka náà dání, kò wúwo ju igi ìṣáná lọ.

Àlàájà wo ìka náà, ó sì wo ọmọ ọmọ rẹ̀. "Ara àgbà ni," ó wí. "Má sunkún, Nojeem. Kò dùn mí."

Ìtìjú bò ó. Ó fẹ́ràn obìnrin náà ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó lè fara da kí ó kú. Ohun tí kò lè fara dà ni bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí nígbà tó bá gbọ́. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Nojeem gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ikú ẹlòmíràn ló fi ra ara rẹ̀ padà lọ́wọ́ ẹ̀sín.

*

Àlàájà kú ní ìdájí Ọjọ́bọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Waliyat, àti àwọn obìnrin ilé ló wẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, ó ń fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán, Waliyat tú kọ́kọ́rọ́ láti etí ìró, ó sì ṣí àpótí.

Òórùn igbó ló kọ́kọ́ jáde. Ó gba yàrá, ó gba ọ̀ọ̀dẹ̀, ó bọ́ sí títì. Àwọn ọlọ́kadà tó wà lẹ́nu ọ̀nà Ọjà'ba mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ń wojú ara wọn.

Waliyat gbé aṣọ náà jáde sí àárín agboolé, níwájú àwọn ọkùnrin. Igbó náà ti ta gbòǹgbò sínú aṣọ funfun. Ewé tútù yọ jáde lára rẹ̀, ó ń dán. Aṣọ tí wọ́n fi omi Sámúsámù rẹ ti ya jálajàla.

"Ogún ọdún ni ìyá mi fi pa aṣọ yìí mọ́," ni Waliyat wí. Kò pariwo. "Ta ló ń gba kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ní Jímọ̀-Jímọ̀?"

Gbogbo wọn yíjú sí Nojeem. Ì bá dára kí ilẹ̀ lanu gbé e mì. Wọ́n rán ẹnì kan sáré lọ ra aṣọ funfun l'Ọjà'ba, aṣọ lásán tí a fi ń rán àpò ìrọ̀rí, òun ni wọ́n fi di Àlàájà.

Létí sàréè, Nojeem ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè kó lè wọlé. Àbúrò baba rẹ̀ na apá dí i lọ́nà, kò sì wò ó. Ọmọ aládùúgbò kan ló wọlé lọ gbé Àlàájà sílẹ̀.

Ìmáàmù yíjú sí èrò. "Bí ìyá yìí bá ṣẹ ẹnikẹ́ni níbí, ẹ foríjì í."

"A foríjì í," ni gbogbo wọn wí.

Nojeem wó lulẹ̀ sórí eékún rẹ̀ lórí yẹ̀pẹ̀ pupa náà. Lọ́jọ́ yìí, ó fẹ́ sọ ọ́. Gbogbo rẹ̀ pátá ló fẹ́ sọ, lójú gbogbo ayé, kí ojú tì í tán kó sì sinmi. Ó lanu. Kò sí itọ́ níbẹ̀. Ó gbé ahọ́n rẹ̀ kó lè pe "Ìyá", ohun kan sì dún pá lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sábẹ́ àgbọ̀n. Ohun tó bọ́ sí i lọ́wọ́ gbẹ, ó fúyẹ́, ó ti bu, ó funfun bí òwú.

Ó pa ọwọ́ rẹ̀ dé. Ìmáàmù àti gbogbo agboolé tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n ń dúró kó sọ ohun tó fẹ́ sọ.