Ẹni Tó Kan Irin ní Pẹpẹ Keje

Kó, kó, kó.

Badrudeen dúró, páálí ọṣẹ lórí. Ẹ̀rọ tuntun tó ń kó ẹrù ní sítóò wọn ní Nasarawa ti dúró gbọnyin níwájú pẹpẹ keje. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ìró náà ti wá.

Oṣù kejì rèé tí ẹ̀rọ náà dé. Bí oníbàárà bá béèrè ọjà, orúkọ ọjà á yọ lójú gíláàsì rẹ̀. Á yí lọ lórí irin ilẹ̀, á wá àmì dúdú tó wà lára páálí, á na ọ̀pá rẹ̀ sókè, á fa páálí yọ jẹ́jẹ́, á sì gbé e wá fún Wosilat tó ń di ẹrù. Kì í rẹ̀ ẹ́. Débọ̀, ọ̀gá wọn, ti ní alábàárù méjì péré lòun ó fi sílẹ̀. Badrudeen, tí kò parí pírámárì, mọ̀ pé òun kò sí nínú wọn.

"Bàbá Zulaiha, ẹ gun pẹpẹ yìí," ni Débọ̀ wí fún Badrudeen. "Ẹ̀rọ ti di dìndìnrìn, mọ́tò Zaria sì ń dúró."

Kó, kó, kó.

Badrudeen tẹ́tí. Ó mọ ọwọ́ yẹn. Bàbá Àúdù tó kọ́ ọ níṣẹ́, tí wọ́n ti sin lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn, kì í fọwọ́ kan ẹrù láìkọ́kọ́ fi igi kan ẹsẹ̀ pẹpẹ lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì tẹ́tí. Irin tó le á dún ketekete. Èyí tó ti dípẹtà á gbọ̀n. Láti ìgbà tí ẹ̀rọ ti dé, kò sẹ́ni tó ń kan nǹkan mọ́.

Ìró tó gbọ́ yìí gbọ̀n.

"Ọ̀gá, ẹ má bínú. Mi ò ní gùn ún."

Wosilat bú sẹ́rìn-ín. "Àbí ìyàwó yín ló ní kẹ́ ẹ má gun òkè?"

"Haba!" Débọ̀ ká ọwọ́ aṣọ. "Ẹ máa lọ sílé, kẹ́ ẹ má padà wá. Èmi á gùn ún."

Ó gbẹ́sẹ̀ lé irin. Eruku pupa wẹ́wẹ́ bọ́ sí bàtà rẹ̀. Badrudeen ju páálí sílẹ̀, ó gbá a lápá mú, ó sì wọ́ ọ sẹ́yìn tagbáratagbára.

"A ti gbọ́, Bàbá Àúdù," ló wí jẹ́jẹ́.

Pẹpẹ keje ké, ó tẹ̀, ó sì wó lulẹ̀ gbàràgàdà. Ibi tí Débọ̀ dúró sí di òkè páálí. Kò sẹ́ni tó farapa.

Ariwo ta. "Allahu Akbar!" "Halelúyà!" Wọ́n gbé Badrudeen sókè bí ọkọ ìyàwó. Débọ̀ dọ̀bálẹ̀ nínú eruku.

"Bàbá mi, alábàárù kankan ò ní lọ. Ẹ̀yin lolórí wọn. Bẹ́ ẹ ò bá tíì kan irin, ènìyàn ò ní wọlé, ẹ̀rọ ò ní wọlé."

Nígbà tó di ọ̀sán, Abdulraheem tó ń tún ẹ̀rọ ṣe dé. Ó wo ẹ̀rọ níwájú òkè páálí, ó sì ranjú mọ́ ọn.

"Ta ló tì í débí? Mo yọ bátìrì rẹ̀ lánàá. Ó wà nínú mọ́tò mi."



Lọ́jọ́ kejì, Badrudeen mú igi, ó dúró níwájú pẹpẹ kìíní. Ó kàn án lẹ́ẹ̀kan, ó kàn án lẹ́ẹ̀kejì. Kó tó kan ẹ̀kẹta, ẹnìkan ti bá a kàn án láti òdìkejì, níbi tí kò sí ẹnìkan.

Irin náà dún ketekete.

Badrudeen rẹ́rìn-ín. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá," ló wí, ó sì wọlé lọ síṣẹ́.