Físà Tí Oyèwálé Kò Rí Gbà

Ní ọdún 1996, bí ọmọ Nàìjíríà kan ní agbègbè Prince George's, ní Amẹ́ríkà, bá ní ìṣòro físà, ọ̀dọ̀ Oyèwálé ni wọ́n máa ń júwe fún un. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ìlú Cheverly níbẹ̀. Gbogbo ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ń béèrè ló há sórí: oṣù mélòó ló gbọ́dọ̀ kù lórí ìwé ìrìnnà, fọ́tò mélòó, irú lẹ́tà wo. Ohun tí oníbàárà kò bá sì ní, Oyèwálé á ṣe é fún un. Á kọ lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tí kò sí níbì kankan. Á yí déètì padà. Ó máa ń sọ pé kò sí ìlú tí òun kò lè mú èèyàn wọ̀.

Kì í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà tí Wùnmí, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, wà ní ọmọ ọdún méjìlá. Láti ọjọ́ náà ni Oyèwálé ti ní òun àti Ọlọ́run kò ní ọ̀rọ̀ láti bá ara wọn sọ. Ó dá tọ́ ọmọ náà. Ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun, kó má bàa lọ sílé ìwé ní jákujàku.

Ní yunifásítì, ní College Park, Wùnmí fi ayé rẹ̀ fún Jésù. Nígbà tó di nọ́ọ̀sì, ó ní òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní Táílándì, ní ilé ìwòsàn kékeré kan tí àwọn onígbàgbọ́ ti ń tọ́jú àwọn tí ogun lé kúrò nílé.

Ó dun bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun á bá a ṣe físà náà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni Wùnmí, ó lè wọ Táílándì fún oṣù kan láìgba físà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ mú lẹ́tà wá láti ọ̀dọ̀ àwọn tó pè é. Lẹ́tà náà pẹ́. Oyèwálé jókòó, ó tẹ òmíràn, ó sì buwọ́ lù ú lórúkọ ilé ìwòsàn náà.

Wùnmí kà á, ó gbé e padà sórí tábìlì. "Ẹ ṣeun, Dádì. Mi ò lè fi irọ́ wọ ibi tí mo ti fẹ́ sọ̀rọ̀ Jésù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀."

"Iṣẹ́ yìí ló rán ẹ níléèwé."

"Mo mọ̀, sà." Wùnmí kúnlẹ̀. "Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín."

Oyèwálé dìde lórí àga. "Tó o bá lọ, má pè mí lórí fóònù. Mi ò bí ẹni tó máa dá mi lẹ́jọ́."

Wùnmí dúró oṣù méjì kí físà rẹ̀ tó jáde, ó sì lọ. Gbogbo ọjọ́ Sátidé ló ń pe bàbá rẹ̀. Bí Oyèwálé bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, á gbé fóònù sílẹ̀. Oṣù méje ni Wùnmí fi pè é bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù Kejì ọdún 1997, ohùn ọkùnrin ló gbọ́ lórí fóònù. Dókítà Jesse ni, ọ̀gá ilé ìwòsàn náà. "Ibà ti wọ ọpọlọ Wùnmí. Ẹ tètè máa bọ̀. Ẹ̀yin ló ń béèrè."

Ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ni Oyèwálé ṣì ń lò. Ó gbọ́dọ̀ gba físà, oṣù mẹ́fà sì gbọ́dọ̀ kù lórí ìwé náà. Tirẹ̀ ku oṣù mẹ́rin péré.

Mobáyọ̀, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ onígbàgbọ́, wá láti ìlú Bowie láti wà á lọ sí Washington. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gba ìwé tuntun ní ẹ́ńbásì wa. Tá a bá ṣàlàyé, wọ́n á ràn wá lọ́wọ́."

Oyèwálé ní kò sáyè. Nígbà tí Mobáyọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ ra epo, ó mú bírò, ó sọ ọdún tí ìwé náà máa parí, 1997, di 1999.

Obìnrin tó gba ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń gba físà Táílándì gbé e sábẹ́ iná. "Sà, ṣé bó ṣe wà nìyí nígbà tí wọ́n fún yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Obìnrin náà ní òun kò lè lu òǹtẹ̀ físà sí i, àfi kí àwọn tó ṣe ìwé náà yẹ̀ ẹ́ wò ná. Wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ìwé náà. Oyèwálé jáde lọ́wọ́ òfo.

Lọ́jọ́ kẹta, Jesse tún pè. Wùnmí ti kú. "Ó ní ká gbé àga kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì òun, kẹ́ ẹ lè rí ibi jókòó tẹ́ ẹ bá dé. A ò tíì gbé àga náà kúrò."

Lọ́jọ́ kejì wọ́n sin ín síbẹ̀. Cheverly ni bàbá rẹ̀ wà.

Mobáyọ̀ bá a lórí ilẹ̀ kíṣìnì, ó sì jókòó tì í. Oyèwálé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ká ní mo gbọ́ tìẹ, ǹ bá ti débẹ̀."

Mobáyọ̀ di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ta ni mo wá fẹ́ bẹ̀ báyìí? Ẹni tí mo ṣẹ̀ ti lọ."

"Wùnmí ti lọ, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun nìkan lẹ ṣẹ̀. Ẹ ti ṣẹ Ọlọ́run pẹ̀lú, òun ṣì ń gbọ́."

"Èmi tí mo kẹ̀yìn sí i fún ọdún méjìlá?"

"Irú wa ni Jésù kú fún. Olè tí wọ́n kàn mọ́ igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kò lè tún nǹkan kan ṣe mọ́. Ó kàn bẹ̀ ẹ́ ni, Jésù sì gbà á."

Oyèwálé kúnlẹ̀. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbàdúrà mọ́. "Olúwa, òpùrọ́ ni mí. Mo lé ọmọ mi. Jésù, ṣàánú mi."

Ẹkún rẹ̀ kò dá lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó sọ fún Mobáyọ̀ pé òun kò dá nìkan sunkún mọ́. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó lọ jẹ́wọ́ fún àwọn aláṣẹ ní ẹ́ńbásì Nàìjíríà pé òun lòun yí déètì náà padà. Ó ti ọ́fíìsì rẹ̀ pa. Ó tó oṣù mẹ́jọ kó tó rí ìwé ìrìnnà mìíràn gbà. Nígbà tó ń kọ fọ́ọ̀mù físà, níbi tí wọ́n ti béèrè ohun tó fẹ́ lọ ṣe ní Táílándì, ó kọ ọ́ pé, "Mo fẹ́ rí ibojì ọmọ mi." Wọ́n fún un.

Jesse mú un débẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Oyèwálé gbé ọwọ́ lé ilẹ̀ náà. "Wùnmí, Dádì ti dé. Dárí jì mí." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, Ọlọ́run ti dárí ji Oyèwálé, ó sì dá a lójú. Síbẹ̀, wákàtí kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀ tó ń kú lọ, kò ní rí i gbà láyé yìí. Ó ti rò pé Sátidé mìíràn ṣì ń bọ̀.

Ìwọ ńkọ́? Ẹ̀ṣẹ̀ wo lò ń tọ́jú, tó o ń sọ pé oúnjẹ rẹ ni? Bóyá ẹnìkan ti ń gbàdúrà fún ọ tipẹ́, tó o sì ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Jésù tó kú nítorí rẹ ti jíǹde, ó sì ń pè ọ́ lónìí. Má ṣe dá a dúró di ọ̀la. Níbi tó o jókòó sí yìí, sọ òtítọ́ nípa ara rẹ fún un, kó o sì ní kó gbà ọ́. Ó wà láàyè. Yóò dá ọ lóhùn.