Iná Tí Ojú Ò Rí

Ọkọ̀ kan ṣoṣo tí kì í mu epo nílùú náà jóná láago méjì ọ̀sán, nínú ṣọ́ọ̀bù obìnrin tó ṣe é.

Gáàsì háídírójìn ni ọkọ̀ náà ń lò. Èéfín kì í jáde nídìí rẹ̀, omi lásán ló ń kán. Àwọn aláṣẹ ìlú fẹ́ wá yẹ̀ ẹ́ wò lọ́jọ́ Ẹtì kí wọ́n tó fún obìnrin náà níwèé àṣẹ. Ní báyìí, wọ́n ní tó bá jẹ́ ọkọ̀ náà ló dáná sun ara rẹ̀, àwọn á ti ṣọ́ọ̀bù náà pa.

Ojúlalákàn làwọn ọlọ́pàá ń pe ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tí wọ́n rán wá. Bó ṣe fẹ́ wọlé, obìnrin náà dá a dúró. Ó na ìgbálẹ̀ kan síwájú, ó ń rọra tẹ̀ lé ìgbálẹ̀ náà wọlé.

"Kí lẹ fẹ́ gbá?"

"N ò gbálẹ̀, sà. Iná gáàsì yìí kì í hàn lójú ọ̀sán. Tí ìgbálẹ̀ bá gbiná, a mọ̀ pé ó ṣì ń jó nìyẹn."

Ìgbálẹ̀ ò gbiná. Ojúlalákàn wọlé. Àwọn àga ọkọ̀ ti di eérú. Nọ́ọ̀tì tó di páìpù gáàsì mú ò fọ́, kò sì já. Ẹnì kan ló fi sípánà tú u. Ilẹ̀kùn tí obìnrin náà tì kó tó jáde lọ jẹun ò bàjẹ́.

"Ta ló tún ní kọ́kọ́rọ́?"

"Awakọ̀ mi tí mo lé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Àti Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi. Bàbá yìí ló kọ́ mi níṣẹ́ mẹkáníìkì. Ṣọ́ọ̀bù wọn ló wà lódìkejì títì yẹn."

Ojúlalákàn àti obìnrin náà bá awakọ̀ níbi tó ti ń fọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Ojúlalákàn sọ fún un pé ẹnì kan tú páìpù.

"Ọ̀gá, òótọ́ ni wọ́n lé mi. Mo máa ń pẹ́ dé. Àmọ́ ká ní mo fẹ́ ba ọkọ̀ tó ń tọ̀ bí ọmọ ọwọ́ yẹn jẹ́, òkúta ni mi ò bá sọ mọ́ gíláàsì rẹ̀. Kí n tú páìpù? Ọdún kan ni mo fi gbé ìgbálẹ̀ yẹn!"

Ó na ọwọ́ méjèèjì síta. Ọṣẹ ló kún ibẹ̀.

Nígbà tí àwọn méjèèjì dé ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kékeré, ó jókòó sórí táyà ògbólógbòó níwájú ibẹ̀, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò.

"Ibí yìí ni mo wà tí mo fi rí iná pupa tó bẹ́ jáde lẹ́nu táńkì gáàsì yẹn. Kò sẹ́nì kankan nítòsí."

Ojúlalákàn na ìwé àti bíírò sí i kó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi gbà á.

"Ẹ má bínú, ọwọ́ òsì ni."

"Kò burú. Ṣé iṣẹ́ ọmọ yín yìí wù yín, bàbá?"

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ akèrègbè. Èmi ni mo fi sípánà àkọ́kọ́ lé e lọ́wọ́."

"Ẹ jẹ́ ká rí ọwọ́ tẹ́ ẹ fi lé e lọ́wọ́ yẹn."

Bàbá tún ti ọwọ́ ọ̀tún wọnú àpò dáadáa.

"Iná táńkì yẹn kì í pupa," Ojúlalákàn wí. "Àga tó jó nìkan ló pupa. Ẹ tú nọ́ọ̀tì, ẹ ṣáná sí i, ẹ ò rí nǹkan kan. Ẹ rò pé gáàsì ò tíì jáde, lẹ bá na ọwọ́ síbẹ̀. Awakọ̀ ò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn. Ẹni tó jẹ́ iná epo nìkan ló mọ̀ ló lè ṣe é."

Ọwọ́ náà jáde, àkísà ẹ́ńjìnnì ni wọ́n fi wé e. Àtẹ́lẹwọ́ ti bó.

"Bí gbogbo ọkọ̀ bá ń tọ omi," Bàbá Kékeré ní, "ta ló máa gbé ẹ́ńjìnnì wá fún mi?"

"Mo ti ya tábìlì iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ fún yín ní ṣọ́ọ̀bù mi," obìnrin náà dá a lóhùn. "Ẹ̀yin ni mò ń retí."

Àwọn aláṣẹ ò ti ṣọ́ọ̀bù obìnrin náà pa. Nílé ìwòsàn, wọ́n gé ìka mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀tún Bàbá Kékeré, kò sì lè di sípánà mú mọ́.