Ọta fún Ikún Oko Yoko

Ìbọn ni obìnrin kan fi aṣọ wé tó sì pọ̀n sẹ́yìn bí ọmọ nígbà tó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ akẹ́rù ní Pobè. Ẹnu ìbọn náà yọ lókè èjìká rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń yà fún un lọ́nà. Ògúntúndé jókòó níwájú ìsọ̀ rẹ̀, ó ń yọ́ òjé nínú ìkòkò irin. Ó gbójú sókè, ó rí i, ó sì gbàgbé ohun tó wà lórí iná.

"Ẹ̀yin ni wọ́n ń pè ní Kàpùráálì?" obìnrin náà bèèrè.

"Èmi ni."

"Ẹ jókòó, ẹ ń wò mí, èéfín sì ń bò yín lójú."

Báyìí ni Ògúntúndé ṣe kọ́kọ́ rí Sàrátù. Opó ni Sàrátù. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí, Ràúdátù, ti wà nílé ọkọ ní Àjàṣẹ́. Bàṣírù, ọkọ rẹ̀ tó kú, ló ra ìbọn karabíìnì náà lọ́wọ́ òyìnbó kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ relé nígbà tí Dàhòmì gba òmìnira. Ó kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń yìn ín kí àìsàn tó mú un lọ. Ní báyìí, àwọn ikún ń hú ẹ̀pà àti àgbàdo Sàrátù ní Yoko, katúùṣì ìbọn náà sì ti tán.

Ní ti Ògúntúndé, ó ti ṣe sójà fáwọn Faransé níbi tó jìnnà, ó sì dé ipò kàpùráálì, kó tó padà wálé wá máa tún ìbọn ṣe. Kò gbéyàwó. Ó máa ń ṣa kòròfo katúùṣì tí wọ́n ti yìn, á rọ ẹ̀tù tuntun sí i, á sì fi ọta tó fọwọ́ ara rẹ̀ rọ dí i lẹ́nu.

"Ọta fífúyẹ́ ni ọkọ mi máa ń lò," Sàrátù wí. "Ẹran kékeré ni ikún."

"Atẹ́gùn á gbá ọta fífúyẹ́ lọ. Èyí tó wúwo ló dára. Òun la lò lójú ogun."

"Ṣé ikún lẹ bá jà lójú ogun náà ni?"

Ògúntúndé rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó kọ etí ikún sí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé òṣùwọ̀n kékeré tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà ń lò kalẹ̀, ó sì yan ọta tó wúwo jù lọ fún un.

Nígbà tí Sàrátù dé oko, ó dọ̀bálẹ̀ sáàárín ebè, ó fojú sun ikún kan, ó yìnbọn. Ikún náà dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì lẹ́nu ihò rẹ̀, ó wò ó bí ẹni ń wo àlejò, ó sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ̀pà. Ó yìn ín títí ọta fi tán. Kò pa nǹkan kan.

Ó padà lọ sí Pobè, inú ń bí i.

"Èjìká yín ni ẹ ò gbé dáadáa," Ògúntúndé wí. Ó dìde, ó rọra fọwọ́ kan èjìká Sàrátù láti tún un ṣe. Ara Sàrátù yá gágá, inú sì túbọ̀ bí i nítorí pé ara rẹ̀ yá.

"Èjìká mi kò ní àrùn, Kàpùráálì. Ọta yín ló ní in."

"Màá fi òjé díẹ̀ kún un."

"Ẹ fẹ́ fi kún un? Ẹ gbà mí o! Ẹni tí mo ní kó dín in kù!"

Ó fi kún un náà. Nígbà kẹta tí Sàrátù wá, pákó kan ló gbé lọ́wọ́, èyí tó ti yìnbọn lù. Àwọn ihò tó wà lára rẹ̀ kò rí róbótó. Ńṣe ni wọ́n gùn, bí ìgbà tí ọta bá fi ẹ̀gbẹ́ wọlé. Ògúntúndé wò ó. Ó mọ ohun tó rí. Ọta náà gùn jù, ó sì wúwo jù fún ìlà tó ń mú ọta yí nínú ihò ìbọn náà. Kò lè yí bó ṣe yẹ, torí náà ó ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́ lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n agídí kò jẹ́ kó lè sọ ọ́.

"Pákó yín ló ti gbó," ó wí.

Sàrátù wò ó títí, ó sì fi pákó náà sílẹ̀ fún un.

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ọta wúwo kan ba òkúta nínú oko, ó ta padà, ó sì pa ewúrẹ́ Súbérù, àbúrò ọkọ rẹ̀. Ó ti pẹ́ tí Súbérù ti ń wá ohun tó máa dì mú mọ́ Sàrátù lára. Ó fẹ́ ṣú u lópó, Sàrátù sì kọ̀. Ó lọ fẹjọ́ sùn nílé Bàbá Mọ́rúfù, olórí ẹbí, ní Sákétẹ́. Wọ́n ní kí gbogbo ẹbí pé jọ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀.

Sàrátù tún wọkọ̀ lọ sí Pobè. Ó da ọta tó kù sórí tábìlì Ògúntúndé.

"Ẹ gba ẹrù yín. Ó ti pa ewúrẹ́ àbúrò ọkọ mi; lọ́jọ́ Jímọ̀, nílé olórí ẹbí ní Sákétẹ́, wọ́n á gba oko lọ́wọ́ mi, wọ́n á gba ìbọn, wọ́n á sì tún fẹ́ fi mí fún ẹni tí mi ò fẹ́, torí ẹnì kan tí kì í gbọ́ràn. Ó dàbọ̀."

Ògúntúndé kò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ó gbé pákó náà sórí itan, ó ń fi ìka wọn ihò rẹ̀, ó sì ń bú ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, ọ̀rọ̀ ti ń gbóná nílé Bàbá Mọ́rúfù kí Ògúntúndé tó gun kẹ̀kẹ́ wọlé. Eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀, ó sì so ewúrẹ́ kan mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, tó ń ké bí ẹni tí wọ́n jí gbé. Gbogbo ilé yíjú sí i. Sàrátù fọwọ́ bojú.

"Kí ló kàn ọ́ níbí?" Súbérù bèèrè.

Ògúntúndé dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. "Ọta tí mo ṣe ló pa ewúrẹ́ yín. Obìnrin yìí sọ fún mi pé ó wúwo jù. Mi ò gbọ́. Ó fi hàn mí, mo rí i, mo tún purọ́ fún un. Èmi ni mo jẹ̀bi, kì í ṣe òun. Mo ti mú ewúrẹ́ wá."

Àwọn oníbàárà Ògúntúndé méjì wà nínú ọ̀pọ̀ èèyàn náà, wọ́n sì gbọ́ bó ṣe ba orúkọ iṣẹ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Bàbá Mọ́rúfù nu ẹnu. "Súbérù, gba ewúrẹ́. Ní ti obìnrin, Kùránì kò ní ká fi tipátipá jogún rẹ̀. Ẹni tó bá wù ú ni yóò fẹ́. Àmọ́ ohun ìní Bàṣírù ni oko àti ìbọn. Kí Sàrátù kórè ohun tó gbìn, lẹ́yìn náà kí méjèèjì padà sọ́wọ́ ẹbí."

Ó dun Sàrátù, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó sì gbà á.

Ògúntúndé tẹ̀ lé e dé Yoko pẹ̀lú ọta fífúyẹ́. Wọ́n dọ̀bálẹ̀ sínú ìrì òwúrọ̀, èjìká kan èjìká. Ikún yọjú. Sàrátù yìn ín, ikún ṣubú, ọta náà sì fọ́ sínú ilẹ̀, kò ta padà. Ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan sí i, òmíràn tún ṣubú. Ó gbé ìbọn kalẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí ló dé tẹ́ ò gbọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

"Ká ní mo ṣe é dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ ò ní padà wá."

"Irọ́ ni. Agídí ni."

"Agídí ni," Ògúntúndé gbà.

Sàrátù gbá a lẹ́yìn, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ̀pà yè, àgbàdo náà yè. Nígbà tí ìkórè parí, Sàrátù fọwọ́ ara rẹ̀ gbé ìbọn fún Súbérù, ó dúró wo oko náà díẹ̀, ó sì yíjú kúrò. Ògúntúndé di àpò àgbàdo sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó ń tì í lọ lójú ọ̀nà Sákétẹ́, Sàrátù ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n rìn títí, Ògúntúndé tẹjú mọ́ táyà kẹ̀kẹ́.

"Kàpùráálì, ṣé ẹ ò ní sọ nǹkan kan ni?"

"Mò ń ronú."

"Ẹ óò máa ronú dé Pobè ni?"

Ògúntúndé dúró lójijì, kẹ̀kẹ́ fì sọ́tùn-ún. "Sàrátù, jọ̀ọ́, fẹ́ mi. Bí àlùfáà bá ní kí n gba ẹ̀sìn yín, màá gbà á. Mi ò lóko, ìsọ̀ kékeré ni mo ní, mo sì lágídí. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mo fẹ́ máa gbóhùn rẹ̀ lójoojúmọ́, kódà bó bá jẹ́ pé o ń bá mi jà."

Sàrátù mí kanlẹ̀. "Láti ọjọ́ wo ni mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí! Àárín títì lẹ wá rí, pẹ̀lú ẹrù tó fẹ́ ṣubú!"

"Ṣé kí n padà sọ ọ́ nílé?"

"Ẹ má sọ ọ́ mọ́. Mo ti gbà."

Ó gbá ẹ̀gbẹ́ kan àpò náà mú, ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ gbá ẹ̀gbẹ́ kejì mú, wọ́n sì jọ ń ti kẹ̀kẹ́ náà lọ.