Èrò Kẹẹ̀ẹ́dógún

"Màmá, ìgbà wo ni èrò Dádì máa lọ sílé rẹ̀?"

Ìyìn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ló béèrè nídìí ẹ̀bà alẹ́, ó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ibẹ̀ rin gbingbindin, bẹ́ẹ̀ òjò kò tíì rọ̀ ní Fìdítì láti ọjọ́ mẹ́sàn-án.

Nehemiah, bàbá rẹ̀, dorí kodò. Kíkẹ́lọmọ, ìyá rẹ̀, dá òkèlè ọwọ́ rẹ̀ padà sínú àwo.

Àwọn méjèèjì mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́ta ni Nehemiah fi kọ́ iṣẹ́ afinimọ̀nà fáwọn arìnrìn-àjò afẹ́ ní Ìbàdàn, kó lè bọ́ lọ́wọ́ iṣẹ́ ọ̀kadà. Ìdánwò ìkẹyìn ni pé kó kó èèyàn mẹ́rìnlá lọ wo odò kan nínú igbó lẹ́yìn Ìlọra. Òfin ibẹ̀ le: ka orí wọn ní àlọ, kà á ní àbọ̀, ẹni tí orúkọ rẹ̀ bá ti wà nínú ìwé, mú un délé.

Ní àbọ̀, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kà nínú bọ́ọ̀sì. Ó tún un kà.

"Bọ̀ọ̀dá, ó tó gẹ́ẹ́!" Dírẹ́bà ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ!"

Bí iye kò bá bára mu, kò ní rí ìwé-àṣẹ gbà. Ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó pe ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù.

"Ẹ fi orúkọ kan kún tinú ìwé kó lè pé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," Kíkẹ́lọmọ sọ fún un. "Ẹ kọ Ìyìn. Ta ló máa mọ̀?"

Ó kọ ọ́. Wọ́n fún un níwèé-àṣẹ.

"Kí ni èrò náà ń jẹ́?" Kíkẹ́lọmọ rọra bi ọmọ rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́ náà.

"Ó ní Ìyìn lòun náà ń jẹ́. Ó ní ilé òun nìyí."

Nígbà tí ọmọ ti lọ dùbúlẹ̀, Kíkẹ́lọmọ bẹ ọkọ rẹ̀. "Bàbá Ìyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ìwé yẹn padà. Ẹ sọ òótọ́ fún wọn."

"Kí n tún padà sídìí ọ̀kadà? Ṣebí ìwọ lo ní kí n kọ ọ́."

Òótọ́ ni, ó sì korò bí jogbo. Nehemiah kọjú sí ògiri, kò pẹ́ tó fi ń hanrun. Kíkẹ́lọmọ pinnu pé bí ilẹ̀ bá mọ́, òun á wọ mọ́tò lọ Ìbàdàn, òun á lọ jẹ́wọ́. Kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ìyìn?"

"Mà." Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ohùn náà ti wá.

Ó na ọwọ́ sórí ẹní. Ọmọ kan wà níbẹ̀, ó sùn fọnfọn. Irun rẹ̀ rin fún omi.

"Màmá," ohùn ẹ̀yìn ilẹ̀kùn bú sẹ́kún, "ó ti sùn síbi tí mo máa ń sùn sí. Níbo ni kí n lọ?"

Kíkẹ́lọmọ fẹ́ dìde. Ọwọ́ kékeré kan tó tutù di ọwọ́ rẹ̀ mú láti orí ẹní, oorun sì gbé e bí odò ṣe ń gbé ewé. Ilé sùn, àfi ẹni tó ń sunkún lẹ́yìn ilẹ̀kùn.